Ìbíjọkẹ́ Onídìrí àti Ajá Ìyá Mi

Gbogbo Ùsì ló mọ Ìbíjọkẹ́ onídìrí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé wa. Títì nìkan ló wà láàárín wa. Mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ nítorí ohun tó ṣe fún ajá ìyá mi. Kí n má purọ́, mo jowú rẹ̀ ju bí mo ṣe jowú ẹnikẹ́ni rí lọ.

Kì í ṣe ọmọ Ùsì. Ìtàpá ni wọ́n bí i sí, lápá Oyè. Ìfàkì ló ti kọ́ṣẹ́ irun, ó lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Ó fẹ́ ọkọ kan ní Ìfàkì náà. Ọkọ yẹn lọ sí Líbíà, kò padà, kò sì pè mọ́. Ìbíjọkẹ́ kò sunkún kiri ìlú. Ó gbọ́ pé onídìrí tó wà ní Ùsì ti kó lọ sí Èkó. Ó kó dráyà rẹ̀ àti dígí ńlá kan sínú takisí, ó wá. Ọjọ́ tó dé, ìyá mi ló bu omi fún un mu. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Obìnrin gíga ni. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi bíi ti ọkùnrin, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré máa ń sùn lọ lábẹ́ ọwọ́ náà tó bá ń di irun. Kì í pariwo. Kó tó wo irun ẹnikẹ́ni, awọ orí ló kọ́kọ́ ń wò. Á fi ìrù kóòmù la irun sí méjì, á tẹjú mọ́ ibẹ̀.

"Ìwọ, o ti ń fi kẹ́míkà jó orí ẹ."

"Ìwọ, làpálàpá rèé. Lọ tọ́jú ẹ̀ kí o tó wá jókòó síbí."

Ó lé oníbàárà padà lójú mi rí nítorí làpálàpá. Obìnrin yẹn bú u títí dé ìkóríta. Ó lo oògùn, ó sì tún padà wá.

Ìyá Dáre ni gbogbo èèyàn ń pe ìyá mi. Olúdáre ni ẹ̀gbọ́n mi, Èkó ló ń gbé. Èmi ni Akínlolú. Mo kúrò nílé ìwé kí n tó dé kíláàsì kẹrin. Ọ̀kadà ni mò ń gùn, láti Ùsì sí Ìdó, láti Ùsì sí Ìfàkì. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ń gbé. Bàbá wa ti kú tipẹ́.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi gbé ajá kan wá láti Èkó. Wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní Lásà. Ajá kékeré ni, ó funfun, irun rẹ̀ gùn débi pé ó ń gbálẹ̀. Irun bo ojú rẹ̀ pátápátá. Tó bá dúró jẹ́ẹ́, o ò ní mọ ibi tí orí wà àti ibi tí ìdí wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí màmá má baà dá wà nílé ni òun ṣe gbé e wá. Mo bi í pé ṣé èmi ò sí nílé ni. Ó rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi sọ ajá náà ní Àníkẹ́. Inú àwọn ìyá ìjọ kò dùn sí i. Ìyá Bímpé bá a sọ ọ́ lójú wa.

"Ìyá Dáre, oríkì ọmọ èèyàn lẹ fi ń pe ajá?"

"Mo ní i, mo sì ń kẹ́ ẹ. Kí ni kí n wá pè é, Jáàkì?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ní oríkì, Àkànní ni. Mi ò rántí ìgbà tí ìyá mi fi pè mí kẹ́yìn. Ti ajá, àràárọ̀ ni.

Ara irú ajá yìí kì í gba nǹkan. Ajá tí a ní tẹ́lẹ̀, ajá Ùsì gidi, inú ẹrẹ̀ ló ń sùn, ohun tó bá rí ló ń jẹ, kò sóhun tó ṣe é títí ó fi darúgbó. Àníkẹ́ kò tíì lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wa tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Ó ń fi ẹsẹ̀ ha etí. Ó ń lá ẹsẹ̀ títí àárín ìka rẹ̀ fi pọ́n. Irun abẹ́ apá rẹ̀ dì mọ́ra bíi fóòmù tí wọ́n fà jáde nínú bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi gbé e sọdá títì.

"Ọmọ mi, bá mi wo urun ọmọ yìí."

Ìbíjọkẹ́ ló pè ní ọmọ mi. Obìnrin mẹ́ta ló ti jókòó tí wọ́n ń retí. Ìbíjọkẹ́ gbé ajá sórí àga.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé ajá ló wá kàn báyìí?"

Ìbíjọkẹ́ ní, "Ó ṣáájú yín dé. Ojú fèrèsé wọn ló wà láti àárọ̀. Ẹ̀yin lẹ ò kí i."

Ó fi ìrù kóòmù la irun ajá náà ní ìlà ìlà, bí ẹni tó fẹ́ dì í. Ó dé awọ. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Màmá, irun kọ́ ló ń ṣe é. Awọ ni. Èmi ò sì mọ awọ ajá."

Ohun tí mo mọ̀ sí i nìyẹn. Tí kò bá mọ nǹkan, á ní òun ò mọ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ó ní kí n gbé òun lọ sí Ìdó, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kan. Ó gbé ajá sí itan lẹ́yìn mi lórí ọ̀kadà. Dókítà ń sọ̀rọ̀, Ìbíjọkẹ́ ń bi í léèrè. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọṣọ wẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi oògùn tí wọ́n ń dà sí ṣáláńgá kàn án. Ẹ ṣan ọṣẹ kúrò títí omi á fi mọ́. Ẹ nù ún gbẹ dé awọ, kì í ṣe òkè irun nìkan. Ẹ ya irun rẹ̀ lójoojúmọ́, torí tí irun bá ti dì, omi á jókòó sábẹ́ ẹ̀, awọ á máa rà.

Dókítà ní oúnjẹ náà lè wà lára ohun tó ń fà á. Ìrẹsì àti ẹja nìkan ni wọ́n fún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dán nǹkan mìíràn wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Adìyẹ ni wọ́n bá nídìí ọ̀rọ̀ náà. Tí Àníkẹ́ bá jẹ adìyẹ lónìí, etí rẹ̀ á gbóná lọ́la.

Láti ìgbà yẹn, àràárọ̀ ni ìyá mi ń gbé ajá sọdá títì. Òun á di orí rẹ̀ mú, Ìbíjọkẹ́ á máa ya irun rẹ̀. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Tí mo bá yọ sí wọn, ẹ̀rín á dá.

Ìyá mi á ní, "Akínlolú, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, mà."

Mo máa ń rò pé èmi ni wọ́n ń sọ. Láyí, mẹkáníìkì tó ń tún ọ̀kadà mi ṣe, máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Ìyá ẹ ti bí obìnrin o. Ó kù kí wọ́n wá pín ulé." Mo máa ń ṣe bíi pé kò dùn mí.

Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ìyá mi ṣubú. A gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdó. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n ní kí n lọ wá oògùn kan wá ní Ìfàkì. Mo lọ, mo bọ̀. Ìbíjọkẹ́ ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó dúró, kò fara ti ògiri. Mo ti mọ̀ pé ìyá mi ti lọ.

Mo bi í pé, "Kí ni màmá sọ kẹ́yìn?"

"Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí urun Àníkẹ́ dì."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Mo rò pé ó fi èyí tó jẹ́ tèmi pamọ́ ni. Nígbà tó yá, mo gbà á gbọ́. Ìyẹn ló tún wá dùn mí jù.

Nílé wa láyé àtijọ́, tí ìyá bá kú, àwọn ọmọ á fárí. Mo fẹ́ fá tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, pé onígbàgbọ́ ni wá. Ó ní kí làwọn ọ̀rẹ́ òun tó ń bọ̀ láti Èkó á rò. Alùfáà náà ní kò pọn dandan. Mo fi sílẹ̀. A sin ìyá mi lọ́jọ́ Ẹtì, irun wà lórí gbogbo wa.

Ọ̀dọ̀ Ìbíjọkẹ́ ni Àníkẹ́ ti wà láti ọjọ́ tí a gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo sọdá títì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wá mú ajá."

Ìbíjọkẹ́ wò mí. "Màmá ní..."

"Mo mọ ohun tí wọ́n ní. Ajá ìyá mi ni. Ilé ìyá mi ni yóò máa gbé."

Kò bá mi jà. Ó mú kóòmù àti táwẹ̀lì rẹ̀ wá. Ó ní, "Má fún un ní adìyẹ. Tí omi bá kàn án, nù ún gbẹ dé awọ." Mo gba ajá. Mi ò gba kóòmù.

Ajá náà lọ jókòó sójú fèrèsé, ó ń wo òdìkejì títì. Mo ti fèrèsé. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo pákó.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju kó wá bá mi lọ. Ẹ̀mí kan ṣoṣo tó kù nínú ilé yẹn tí ọwọ́ ìyá mi ti kàn ni. Ẹran adìyẹ ìsìnkú ṣì pọ̀ nínú fíríìsà. Mo yọ itan kan, mo yọ ọ́ léegun, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Àníkẹ́ wá. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́ mi. Kò lá ọwọ́ mi rí láti ọjọ́ tó ti dé ilé wa. Lọ́jọ́ kejì mo tún fún un. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ní kò lè tó nǹkan.

Etí rẹ̀ gbóná. Mo ní ooru ni. Òjò pa á, mo wẹ̀ ẹ́, oògùn ṣáláńgá ni mo dà sómi torí ó ti ń rùn. Mo fi aṣọ nu òkè irun rẹ̀, ó funfun, inú mi dùn. Abẹ́ rẹ̀ tutù, mi ò mọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, irun rẹ̀ ti di odindi ẹní kan. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, á ké. Ìbíjọkẹ́ ń wò wá láti òdìkejì. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé ọ̀kadà mi, mo lọ.

Mo bá Láyí sọ ọ́. Ó ní, "Èkúrú nìyẹn. Ọ́ìlì mọtò ni oògùn ẹ̀, èyí tí mo bá tú jáde tó ti dúdú. Bàbá mi ò lo òmíràn fún ajá ọdẹ wọn." Kò purọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n á fi pa ajá tí irun rẹ̀ kúrú lára, á gbẹ lóòrùn, á bó dànù. Lásà kì í ṣe ajá tí irun rẹ̀ kúrú. Ọ́ìlì tí mo fi pa Àníkẹ́ lára wọnú irun, ó dúró síbẹ̀. Àníkẹ́ ń lá a. Lọ́jọ́ kejì ó bì. Lọ́jọ́ kẹta kò dìde.

Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Dúdú ni látòkè délẹ̀. Mo ronú pé kí n kúkú gbé e lọ sí Ìdó fúnra mi, kí Ìbíjọkẹ́ má rí i. Ẹ wo bí owú ṣe rí. Ajá ń kú lọ́wọ́ mi, ojú obìnrin yẹn ni mò ń sá fún.

Mo sọdá.

Ó ń di irun lọ́wọ́. Ó rí wa, ó gbé kóòmù sílẹ̀. Ó sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá lọ́la."

"Pẹ̀lú àbọ̀ orí?"

"Ẹ wé gèlè."

Ó gbóòórùn ajá. "Ọ́ìlì mọtò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló ní kí o fi pa á lára?"

"Èmi ni."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó mú kílípà rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lẹ́yìn mi, ó gbé ajá sí itan. Aṣọ rẹ̀ funfun lọ́jọ́ náà.

Dókítà fa omi sí Àníkẹ́ lára, ó gún un lábẹ́rẹ́. Ó ní gbogbo irun yẹn ní láti kúrò lónìí yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa lá májèlé lọ, afẹ́fẹ́ ò sì ní kan egbò. Ìbíjọkẹ́ ní òun ni yóò fá a. Dókítà gbà.

Ó kọjú sí mi. "Di orí rẹ̀ mú."

"Èmi?"

"Màmá ló ń dì í mú tẹ́lẹ̀. Mi ò lè dá a ṣe."

Mo di orí rẹ̀ mú. Ó kéré. Mi ò mọ̀ pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀, irun ni gbogbo rẹ̀. Kílípà ń lọ, irun ń ká kúrò lódindi bí àpò ìrẹsì. Ibi tí a bá ṣí, egbò ni. Ìbíjọkẹ́ ń fi ìka hàn mí.

"Omi jókòó síbí. Èyí, ọ́ìlì ló jó o. Inú etí yìí, adìyẹ ni."

"Ta ló sọ fún yín pé mo fún un ní adìyẹ?"

"Etí rẹ̀ ni."

Mo retí kó bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi. Ó kàn ń fá irun lọ.

Nígbà tó di ọ̀sán, dókítà ní ó lè yè. A gbé e padà sí Ùsì. Ó rí bí òkété tí wọ́n ti sun irun rẹ̀. Ìyá Bímpé wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú obìnrin méjì.

Ó ní, "Ẹ wá wo Àníkẹ́. Nínú gbogbo ọmọ Ìyá Dáre, òun nìkan ló fárí."

Àwàdà lásán ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì káàánú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo wo ajá yẹn tó pá lórí tó pá nídìí, mo jowú rẹ̀. Òun ló ṣọ̀fọ̀ ìyá mi. Èmi tí wọ́n bí, mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú irun lórí.

Nígbà tí àwọn obìnrin lọ tán, mo jókòó sórí àga.

"Ẹ fá tèmi náà."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?"

"Ó wà ní Èkó."

Ó fi sípíríìtì nu kílípà lẹ́ẹ̀mejì. Ó la irun mi, ó kọ́kọ́ wo awọ. Ó ní, "Awọ orí ẹ dáa. Ó jọ ti màmá." Ìgbà yẹn ni mo sunkún. Mi ò sunkún níbi sàréè. Ìbíjọkẹ́ lọ tan fáànù, ó pẹ́ níbẹ̀, nígbà tó padà wá ó fá a tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń sọdá láàárọ̀ kí n tó gbé ọ̀kadà jáde. Ìbíjọkẹ́ ń fi ọṣẹ tí dókítà fún wa wẹ̀ ẹ́, èmi ń di orí mú. Á jẹ́ kí ọṣẹ náà dúró lára rẹ̀ díẹ̀, á ṣan án, á fi táwẹ̀lì tẹ̀ ẹ́, kò ní fi gbo ó. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan dráyà, afẹ́fẹ́ tútù ló máa ń fi fẹ́ ẹ. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ó rọ̀ bíi ti òròmọdìyẹ. Nígbà míràn a ń sọ̀rọ̀. Mo wá mọ ohun tí òun àti ìyá mi ń sọ nígbà náà tí wọ́n fi ń dákẹ́ tí mo bá dé. Ọkọ rẹ̀ tó lọ sí Líbíà ni. Kì í ṣe èmi rárá.

Nígbà tí ara ajá mọ́, Ìbíjọkẹ́ fúnra rẹ̀ gbé e wá sẹ́nu ilẹ̀kùn mi.

"Gba ajá ẹ."

Mo gbà á. Ó fúyẹ́. Mo fẹ́ ẹ, ẹ má ṣe rò pé mi ò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n agogo mẹ́fà ni mo ń jáde, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dé. Ta ni yóò nù ún gbẹ tí òjò bá pa á? Ta ni yóò la irun rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá wà ní Ìfàkì?

Mo ní, "Ẹ máa gbé e lọ. Ọ̀dọ̀ yín ni kó máa wà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Kò dá mi lójú. Ẹ gbé e lọ kí n tó yí i padà."

Ó gbà á. Ó ní, "Èmi kì í sí nílé lọ́jọ́ Àìkú. Ìtàpá ni mo máa ń lọ wo ìyá mi. Ìwọ ni yóò máa ya irun rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn." Ó mú kóòmù jáde nínú àpò. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbà á.

Ìbíjọkẹ́ ṣì wà ní Ùsì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti tóbi sí i. Àwọn tó ní ajá onírun gígùn ń gbé tiwọn wá láti Ìdó. Wọ́n ń tò pẹ̀lú àwọn obìnrin, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó kàn mọ́. Tí mo bá gun ọ̀kadà kọjá láàárọ̀, mo máa ń rí Àníkẹ́ lórí ẹsẹ̀ Ìbíjọkẹ́. Ajá náà kì í wo títì mọ́. Ó máa ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ya irun rẹ̀ láti ọ̀sán. Mo là á ní ìlà ìlà, mo dé awọ níbi gbogbo. Ìbíjọkẹ́ ti Ìtàpá dé, ó jókòó tì wá, kò tíì bọ́ bàtà. Ó fi ìka wá abẹ́ apá. Ó wá ẹ̀yìn etí, ó bá kókó kan níbẹ̀ tó kéré bí èso ata. Ó ń tú u díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Mo bínú díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sún mọ́ ọn, kí n lè rí bó ṣe ń ṣe é.